Orí Kẹsàn-án: Oògùn Atèémíjí Nínú Ìtọ́jú Àrùn Ẹ̀dọ̀fóró Ọlọ́jọ́ Pípẹ́

Èròǹgbà

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

(a) ṣàlàyé bí ọpọlọ ṣe ń pàṣẹ mímí, àti bí ó ṣe ń mọ̀ pé èròjà inú ẹ̀jẹ̀ ti yí padà;
(b) dárúkọ àwọn oògùn atèémíjí tó ṣe kókó, kí ó sì sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń ṣiṣẹ́;
(d) sọ ìdí tí wọn kì í fi í ṣe ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún àgbàlagbà tí COPD (àrùn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́) rẹ̀ ru sókè;
(e) fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ọ́síjìn níwọ̀n tó yẹ;
(ẹ) ṣe ìṣirò aminophylline àti caffeine citrate láìṣì í.

9.1 Aláìsàn kan

Àpẹẹrẹ yìí ni a gbé kalẹ̀ fún ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù pàjáwìrì ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí ti Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀yọ́, kò ní í pẹ́ pàdé ẹni tó jọ ọ́.

Wọ́n gbé ìyá ẹni ọdún 62 kan wọlé láàárọ̀. Iṣẹ́ gààrí ni ó ń ṣe láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Kò fa sìgá rí. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ orúnkún, ó sì ń fún ètè pọ̀ kó tó mí síta. Iṣan ọrùn rẹ̀ ń yọ, ẹran àárín egungun ìhà rẹ̀ ń wọnú ní gbogbo ìgbà tó bá fa èémí. Kò lè sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ kó tó dákẹ́ láti mí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ pé láti ìjẹta ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ màmá ti yí padà sí àwọ̀ ewé. Nítorí pé kò rí oorun sùn, wọ́n ra oògùn oorun fún un lálẹ́ àná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń tòògbé, ó sì ń ṣi orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ pè.

Nọ́ọ̀sì kà á: ó ń mí nígbà 32 ní ìṣẹ́jú kan, ọ́síjìn tí ẹ̀rọ ìka fi hàn jẹ́ 79%. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà láti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fi hàn pé pH jẹ́ 7.27, PaCO2 (ìwọ̀n carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀ náà) jẹ́ 71 mmHg, PaO2 (ìwọ̀n ọ́síjìn inú rẹ̀) jẹ́ 46 mmHg, bicarbonate sì jẹ́ 32 mmol/L.

Ọmọ rẹ̀ di nọ́ọ̀sì lápá mú. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa fún wọn ní abẹ́rẹ́ tí yóò jẹ́ kí wọ́n mí dáadáa.”

Irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Orí yìí ṣàlàyé wọn, ó sì ṣàlàyé ìdí tí kì í fi í ṣe àwọn ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ máa nawọ́ mú fún ìyá yìí.

9.2 Bí àṣẹ mímí ṣe ń rìn

Ènìyàn kì í ronú kó tó mí. Ní ìdí ọpọlọ, lókè ibi tó ti so mọ́ mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn, ni ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kan wà tí a ń pè ní ibùdó àṣẹ mímí. Láti ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń gba fọ́nrán ìmọ̀lára lọ sí diaphragm, ìyẹn iṣan pẹlẹbẹ tó pín àyà àti ikùn níyà, àti sí àwọn iṣan àárín egungun ìhà. Bí àṣẹ náà ṣe le tó nígbà tó ń jáde ni a ó máa pè ní ipá àṣẹ mímí.

Ibùdó náà ní àwọn tó ń bá a ṣọ́ ẹ̀jẹ̀. A ó pè wọ́n ní olùṣọ́ èròjà ẹ̀jẹ̀, oríṣi méjì ni wọ́n sì jẹ́. Àwọn kan wà nínú ọpọlọ fúnra rẹ̀. Carbon dioxide, tí a ó máa kọ ní CO2, ló ń ta wọ́n jí, nítorí pé bí CO2 bá pọ̀, omi tó yí ọpọlọ ká a di kíkan. Èkejì wà ní ọrùn lọ́tùn-ún lósì, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń lọ sí orí ti pín sí méjì. Carotid body ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń fi tó ọpọlọ létí pé ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀, pàápàá bí PaO2 bá ti wá sí abẹ́ 60 mmHg. Corneille Heymans, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tó ṣiṣẹ́ ní Ghent, ló fi hàn bí olùṣọ́ ọrùn yìí ṣe ń darí mímí. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 1938 ni ó gbà lórí iṣẹ́ náà.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí CO2 rẹ̀ ti ga fún ọdún púpọ̀. Kíndìnrín rẹ̀ a máa kó bicarbonate jọ láti fi pa kíkan náà. Bí èyí bá ti pẹ́, CO2 gíga á mọ́ olùṣọ́ inú ọpọlọ lára, kò sì ní í fi bẹ́ẹ̀ kígbe mọ́. Bicarbonate 32 tí a rí lára ìyá inú àpẹẹrẹ wa fi hàn pé àìsàn rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ ní ìjẹta. pH 7.27 sì fi hàn pé ti ìjẹta yìí ti ju agbára kíndìnrín lọ.

9.3 Àrùn náà àti ibi tó ti ń wá

COPD ni àrùn tí ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró fi ń há díẹ̀díẹ̀, tí kì í sì í là tán mọ́ kódà lẹ́yìn oògùn. Ẹ̀rọ tí aláìsàn ń fẹ́ èémí sí, spirometer, ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti fa salbutamol, bí afẹ́fẹ́ tó lè fẹ́ jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ kò bá tó ìdá 70 nínú 100 gbogbo èyí tó lè fẹ́ jáde, a jẹ́ pé ọ̀nà ti há. Kì í ṣe ikọ́ fée, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì lè wà lára ẹnì kan náà. Kì í sì í ṣe ikọ́ ife, ṣùgbọ́n ikọ́ ife tó ti san lè fi ọ̀nà afẹ́fẹ́ sílẹ̀ ní híhá.

Ní Ilé-Ifẹ̀, Daniel Obaseki, Gregory Erhabor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ìwádìí tí wọ́n ń pè ní BOLD láàrin àwọn tó ti pé ẹni 40 ọdún sókè. Nínú gbogbo ẹni 100, nǹkan bí 7.7 ni ọ̀nà afẹ́fẹ́ wọn ti há. Àrùn tó wà ní ojúde wa ni.

Sìgá ni ìwé ilẹ̀ òkèèrè máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, ẹni tó bá béèrè sìgá nìkan lọ́wọ́ aláìsàn kò tíì béèrè tán. Ẹni tó ń yan gààrí a máa dojú kọ agbada lórí ààrò igi fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó ní láti tẹ̀ síwájú kó lè máa ro ó, kí gààrí má baà jóná, orí rẹ̀ á sì wà ní ọ̀gangan ibi tí èéfín ń gbà jáde. Nígbà òjò, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà sábẹ́ òrùlé tí ògiri rẹ̀ ti dúdú fún èéfín. Àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú, àwọn olóúnjẹ tó ń fi igi dáná, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi náà wà nínú ewu. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń gba ìtàn àìsàn, ìbéèrè tó yẹ ni pé: “Kí lẹ fi ń dáná, níbo lẹ ti ń dá a, ó sì ti tó ọdún mélòó?”

Àsìkò tí èémí, ikọ́ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ láàrin ọjọ́ díẹ̀ ni a ń pè ní ìrusókè. Bí PaO2 bá wà lábẹ́ 60 mmHg, tí PaCO2 sì ti kọjá 45 mmHg, ìkùnà mímí oríṣi kejì ni. Ìyá inú àpẹẹrẹ wa ti wà nínú rẹ̀.

9.4 Àwọn oògùn atèémíjí

Oògùn atèémíjí ni oògùn tó ń mú kí ipá àṣẹ mímí pọ̀ sí i, yálà nípa títa ibùdó inú ọpọlọ jí, tàbí nípa títa carotid body. Iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ kì í la ọ̀nà afẹ́fẹ́. Salbutamol àti ipratropium, tó ń là á, wà ní ìsọ̀rí mìíràn, oògùn alànà-afẹ́fẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ìdánwò ni kí akẹ́kọ̀ọ́ da ìsọ̀rí méjèèjì pọ̀.

*9.4.1 Àwọn tó ti lọ.* Nikethamide, tí wọ́n ń tà ní Coramine, wà lára àwọn oògùn atèémíjí tí àwọn dókítà ń lò ní ọ̀rúndún ogún. Ìwọ̀n tó ń ta èémí jí àti ìwọ̀n tó ń fa gìrì súnmọ́ ara wọn jù, wọ́n sì pa á tì. Almitrine jẹ́ oníhóró tí aláìsàn ń gbé mì. Carotid body ni ó ń ta, ó sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn sí apá ẹ̀dọ̀fóró tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Ọ́síjìn àwọn tó lò ó ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ba fọ́nrán ìmọ̀lára ẹsẹ̀ jẹ́, ó sì ń mú kí aláìsàn rù. Àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù dábàá ní 2013 pé kí wọ́n mú un kúrò lọ́jà.

*9.4.2 Doxapram.* Òun ni oògùn tí ìwé máa ń tọ́ka sí jù. Inú dírípù ni ó ń gbà wọ ara. Níwọ̀n kékeré, carotid body ni ó ń ta. Bí ìwọ̀n bá pọ̀, yóò dé ibùdó inú ọpọlọ. Fún ìrusókè COPD, ìlànà tó wà lára oògùn náà ní Amẹ́ríkà ni 1 sí 2 miligíráàmù ní ìṣẹ́jú kan, kí ó má kọjá 3, kí ó má sì ju wákàtí méjì lọ. Wákàtí méjì yẹn fi irú oògùn tó jẹ́ hàn: wọ́n ń fi í ra àkókò ni, wọn kì í fi í wo àrùn sàn.

Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn lè ru, ọkàn rẹ̀ lè máa sáré, òógùn lè bò ó, kò sì ní í lè fara balẹ̀. Gìrì lè tẹ̀ lé e. Wọn kì í fún ẹni tó ní wárápá, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ le, ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ ti há, tàbí ẹni tí nǹkan dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Àkójọ ìwádìí Cochrane lórí rẹ̀ rí i pé ó lè dá èròjà ẹ̀jẹ̀ dúró kó má bàjẹ́ sí i fún wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ẹ̀rí. Ìlànà NICE ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi í mọ sí ibi tí ẹ̀rọ NIV, tí a ó ṣàlàyé ní 9.7, kò bá sí tàbí tí kò bá aláìsàn mu. Kò sí lórí àkọsílẹ̀ oògùn kò-ṣeé-má-nìí ti àjọ WHO.

*9.4.3 Acetazolamide.* Oògùn yìí ń mú kí kíndìnrín da bicarbonate nù. Ẹ̀jẹ̀ á kan díẹ̀, olùṣọ́ inú ọpọlọ á sì jí. Àwọn tó ń gun òkè gíga mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n dán an wò lára aláìsàn COPD 382 tó wà lórí ẹ̀rọ mímí, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016: kò fi bẹ́ẹ̀ dín ọjọ́ tí wọ́n lò lórí ẹ̀rọ kù.

*9.4.4 Aminophylline.* Èyí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá pàdé jù ní ilé ìwòsàn wa, nítorí náà ó yẹ kí á dúró lórí rẹ̀. Aminophylline ni theophylline tí wọ́n ṣe kó lè yòrò sínú abẹ́rẹ́. Ó ń la ọ̀nà afẹ́fẹ́ díẹ̀, ó ń ta ibùdó àṣẹ mímí díẹ̀, ó sì ń ran diaphragm tó ti rẹ̀ lọ́wọ́ díẹ̀. “Díẹ̀” mẹ́ta yìí ló jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àárín ìwọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń pani lára há gan-an. 10 sí 20 miligíráàmù nínú lítà ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fojú sùn. Bí ó bá kọjá 20, èébì, ọkàn tó ń lù gìdìgìdì àti gìrì lè bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ fún àgbàlagbà jẹ́ 5 miligíráàmù fún kílò kan. Inú dírípù ni a ti ń fún un, fún ìṣẹ́jú 20 ó kéré tán. Ẹ má ṣe tì í wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkàn lè dá dúró. Kí a tó fún un, a gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí aláìsàn ti lò nílé. Franol, tí àwọn àgbàlagbà mọ̀ dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, ní theophylline nínú. Ẹni tó ti lò ó láàárọ̀ kò gbọ́dọ̀ gba ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ kún un.

Ciprofloxacin àti erythromycin ń mú kí theophylline pẹ́ nínú ara kí ó sì pọ̀ jù. Rifampicin, tí àwọn tó ń gba ìtọ́jú ikọ́ ife ń lò, ń mú kí ó tètè jáde. Obì náà ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Caffeine wà nínú obì àbàtà àti gbànja, ọmọ ìyá kan náà sì ni caffeine àti theophylline. Awakọ̀ tó ń jẹ obì kí oorun má baà gbé e láti Ìlọrin dé Ìbàdàn ń lo oògùn tó ń ta ọpọlọ jí láì pè é bẹ́ẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà lórí aminophylline, àyà rẹ̀ á máa já lù ú. Nítorí náà ó yẹ kí ìbéèrè nípa obì àti kọfí wà lára ohun tí nọ́ọ̀sì ń kọ sílẹ̀.

9.5 Ìdí tí títa èémí jí kò fi tó

Bí ìyá yìí ṣe ń mí nígbà 32 ní ìṣẹ́jú kan, tí iṣan ọrùn rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́, ó hàn pé ibùdó àṣẹ rẹ̀ kò tíì sùn. Michel Aubier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ipá àṣẹ mímí lára àwọn tí COPD wọn ru sókè. Ohun tí wọ́n gbé jáde ní 1980 fi hàn pé ipá náà ju ti ara líle lọ gidigidi. Àṣẹ ń jáde; ibi tó yẹ kí afẹ́fẹ́ gbà ni kò là, iṣan tó ń jẹ́ àṣẹ sì ti rẹ̀.

Ẹni tó bá ti dúró ní ilé arọ rí mọ̀ pé bí ẹnu ẹwìrì bá dí, tí alágbẹ̀dẹ ń jágbe mọ́ ọmọ iṣẹ́, apá ọmọ ni yóò rẹ̀. Iná kò ní í torí ìyẹn rí atẹ́gùn. Doxapram ni igbe yẹn.

Ohun mìíràn tún wà. Ọ̀nà tó há ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ pẹ́ kó tó jáde. Bí aláìsàn bá wá ń mí kíákíá sí i, kò ní í ráyè tú ti àkọ́kọ́ síta tán kó tó fa òmíràn. Afẹ́fẹ́ á máa há sínú ẹ̀dọ̀fóró, àyà á wú, diaphragm á tẹ́ pẹrẹsẹ, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Iṣan tó ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó náà ń pèsè CO2 tirẹ̀. Nítorí ìdí wọ̀nyí, ìlànà GOLD, tí àwọn dókítà ẹ̀dọ̀fóró káàkiri àgbáyé ń tẹ̀ lé, kò fọwọ́ sí oògùn atèémíjí fún ìrusókè COPD.

9.6 Ohun tó ń pa àṣẹ mímí kú

Kí á tó wá oògùn tí yóò ta èémí jí, a gbọ́dọ̀ wádìí bóyá nǹkan kan ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Oògùn atẹ-èémí-mọ́lẹ̀ ni diazepam, tramadol, codeine, morphine àti ọtí líle. Oògùn oorun tí wọ́n ra fún ìyá yìí lálẹ́ àná wà nínú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe àti kíkó omi ikọ́ tó ní codeine wọlé ní 2018, ṣùgbọ́n ẹni tí ikọ́ kò jẹ́ kó sùn ṣì lè rí ohun tó jọ ọ́ rà. Bí ó bá jẹ́ tramadol tàbí codeine, naloxone ni oògùn tó ń já agbára wọn. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ni aláìsàn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Kò ní agbára lórí diazepam.

Àgbo ìtọ̀ màlúù, tí wọ́n máa ń fún ọmọ tí gìrì bá mú nígbà kan rí, yẹ ní mímẹ́nu bà níhìn-ín pẹ̀lú. Ewé tábà wà lára ohun tí wọ́n ń kó sí i, pẹ̀lú àlùbọ́sà, ẹfínrin àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ìwádìí D.D.O. Oyebola àti àwọn mìíràn ní Ìbàdàn fi hàn pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń tẹ èémí mọ́lẹ̀. Nicotine inú tábà kọ́kọ́ ń ta èémí jí; bí ó bá pọ̀, á dá a dúró. Àwọn tó ń po àgbo náà rí ti àkọ́kọ́.

9.7 Ìtọ́jú ìyá inú àpẹẹrẹ

Ọ́síjìn ni àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kí a wọ̀n ọ́n. 88% sí 92% ni a ń fojú sùn lórí ẹ̀rọ ìka. Ní Tasmania, wọ́n pín aláìsàn 405 sí méjì lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní ọ́síjìn púpọ̀ láì wọ̀n ọ́n, nǹkan bí 9 nínú 100 kú. Nínú àwọn tí wọ́n wọ̀n ọ́n fún, nǹkan bí 4 ni. Wọ́n gbé e jáde ní 2010. Ìbòmú Venturi, tí Moran Campbell ṣe àlàyé rẹ̀ ní 1960, ló dára jù fún èyí, bẹ̀rẹ̀ láti 24% tàbí 28%. Bí kò bá sí, ọ̀pá imú ní lítà 1 sí 2 ní ìṣẹ́jú kan, kí nọ́ọ̀sì má sì kúrò nídìí ẹ̀rọ ìka.

Kò sì sí èyí tó ṣeé ṣe láìsí ọ́síjìn tó dájú. Láàrin 2015 sí 2017, ìwádìí kan tí àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Ìbàdàn wà nínú rẹ̀, Adegoke Falade lára wọn, gbé ẹ̀rọ ìka àti ẹ̀rọ ọ́síjìn tó ń lo iná oòrùn lọ sí ilé ìwòsàn 12 ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ inú rẹ̀, pé ẹ̀rọ ìka gbọ́dọ̀ di ohun tí gbogbo nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n lò, kan wọ́ọ̀dù àgbàlagbà náà.

Lẹ́yìn náà: salbutamol àti ipratropium nínú nebuliser, prednisolone 40 miligíráàmù lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, nítorí pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ti yí àwọ̀ padà.

Níwọ̀n ìgbà tí pH ti wà lábẹ́ 7.35 tí PaCO2 sì ga, NIV ni ó kàn: ẹ̀rọ tó ń fi ipá fẹ́ atẹ́gùn gba inú ìbòmú wọ ẹ̀dọ̀fóró, láì ki ọ̀pá bọ ọ̀fun. Òun ni ó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iṣan tó ti rẹ̀. Ní 2000, Plant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde láti ilé ìwòsàn 14 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú aláìsàn 236, ìdá 20 nínú 100 kú láàrin àwọn tí kò lò ó, ìdá 10 láàrin àwọn tó lò ó. Wọ́ọ̀dù lásán ni wọ́n ti ṣe é, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ló sì bójú tó o. Níbi tí kò bá sí NIV, kí a tètè gbé aláìsàn lọ síbi tó wà. Bí doxapram bá wà nílẹ̀, ojú ọ̀nà yẹn ni àyè tirẹ̀.

9.8 Ọmọ tí a bí láìpé oṣù

Ibì kan wà tí oògùn atèémíjí ti jẹ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́. Ibùdó àṣẹ mímí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kò tíì gbó. Ọmọ náà lè dákẹ́ èémí fún ìṣẹ́jú àáyá 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdákẹ́ èémí ni èyí. Ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò há bíi ti ìyá tó ń yan gààrí. Àṣẹ gan-an ló kù díẹ̀ káàtó, àṣẹ sì ni caffeine ń fún lágbára.

Ìwádìí CAP, tí Barbara Schmidt darí, lo ọmọ 2,006 tí ìwọ̀n wọn wà láàrin 500 sí 1,250 gíráàmù. Ní 2006 ni wọ́n sọ pé ìdá 36 nínú 100 àwọn tó gba caffeine ló ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti ọmọ àìpé oṣù. Láàrin àwọn tí kò gbà á, ìdá 47 ni. Ní 2007 wọ́n tún rí i pé àrùn tó ń sọ ọmọ di aláàbọ̀ ara láti inú ọpọlọ kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lára àwọn tó gbà á. Caffeine citrate wà lórí àkọsílẹ̀ WHO.

Ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 20 miligíráàmù caffeine citrate fún kílò kan. Lẹ́yìn wákàtí 24, a ó máa fún un ní 5 miligíráàmù fún kílò kan lójúmọ́. Miligíráàmù 20 caffeine citrate ní 10 péré caffeine nínú. Ẹni tí kò bá ka ara ìgò dáadáa lè fún ọmọ ní ìlọ́po méjì. Bí caffeine kò bá sí, wọ́n ń lo aminophylline, ṣùgbọ́n ọkàn ọmọ a tètè máa sáré pẹ̀lú rẹ̀. Omi obì tàbí kọfí kì í ṣe àfidípò, nítorí kò sí ẹni tó lè mọ iye tó wà nínú rẹ̀.

9.9 Kókó orí yìí

Oògùn atèémíjí ń mú àṣẹ le. Oògùn alànà-afẹ́fẹ́ ń la ọ̀nà. Nínú ìrusókè COPD, àṣẹ ti le tẹ́lẹ̀. Ọ́síjìn tí a wọ̀n sí 88–92%, nebuliser, prednisolone àti NIV ló ń gba ẹ̀mí là. Doxapram kò ju wákàtí díẹ̀ lọ. Aminophylline ń béèrè ìṣọ́ra. Caffeine ni ti ọmọ àìpé oṣù.

Ìdánrawò

1. Ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàrin olùṣọ́ èròjà ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ àti carotid body. Èwo ni doxapram kọ́kọ́ ń ta?

2. Kí ni bicarbonate 32 mmol/L sọ fún wa nípa bí àìsàn ìyá inú àpẹẹrẹ ṣe pẹ́ tó?

3. Bàbá kan tó wọn kílò 50 nílò ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ aminophylline. Ìgò abẹ́rẹ́ kan ní 250 miligíráàmù nínú mílílítà 10. (a) Mílílítà mélòó ni ẹ ó fà? (b) Ìṣẹ́jú mélòó ni yóò fi wọlé, ó kéré tán? (d) Dárúkọ ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ ó bi í kí ẹ tó fún un.

4. Ọmọ àìpé oṣù kan wọn kílò 1.2. Caffeine citrate tó wà nílẹ̀ ní 20 miligíráàmù nínú mílílítà kan. Ṣe ìṣirò ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ojoojúmọ́ ní mílílítà.

5. Aláìsàn COPD kan wà lórí lítà 8 ọ́síjìn. Ẹ̀rọ ìka fi 99% hàn, ó sì ti ń sùn lọ. Kọ ohun tí ẹ ó ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ní ṣísẹ̀ntẹ̀lé.

6. Ọmọ aláìsàn kan sọ fún yín pé: “Ẹ fún bàbá mi ní abẹ́rẹ́ tí yóò ta wọ́n jí.” Kọ èsì tí ẹ ó fún un ní èdè tí yóò yé e, láì ju gbólóhùn mẹ́fà lọ.

7. Iṣẹ́ àṣelọ: Lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí kan ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda àwọn tó ni ín. Ya àwòrán ààrò, ibi tí ẹni tó ń yan jókòó sí, àti ibi tí èéfín ń gbà jáde. Kọ ojú ìwé kan lórí àyípadà tó lè dín èéfín náà kù láì dá iṣẹ́ wọn dúró, kí o sì kọ iye tí àyípadà náà yóò ná wọn.